Apẹ̀rẹ̀ Ata Kì Í Gba Nǹkan Méjì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí léèrè pé ṣé òwò ata dára kí èèyàn fi ṣe iṣẹ́ jẹun, ẹ jókòó. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ná. Ata ni wọ́n sá sórí pẹpẹ tí ẹ fara tì yẹn láàárọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé tó fi ọwọ́ nu ojú, ẹkún ni yóò fi gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ lọ. Bàbá mi yọ mí kúrò ní ilé ìwé ìjọ ní Ìlọ́fà nígbà tí mo ṣì ń dá àmì mọ̀, ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yóò ka ìyókù fún mi. Títí di òní, mo ṣì ń retí wọn.

Ata gbígbẹ ni mo tà. Kì í ṣe tútù tí wọ́n ń tò ní òkìtì kéékèèké lẹ́bàá títì, tí yóò ti máa rà kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbígbẹ ni tèmi. À ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, à ń sá a lórí àpáta lẹ́yìn ìlú, à ń ṣà á, à ń lọ èyí tí a ó lọ̀, a sì ń gbé ìyókù káàkiri ọjà, láti Ìlọ́fà dé Òdó-Ọwá, dé Òkè-Òpin, títí a ó fi padà sí Òsí. Ti èrè rẹ̀, ẹ má bi mí púpọ̀. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, mo kọ́ ilé alámọ̀, mo sì fi sìmẹ́ńtì pa á lójú kí àlejò má baà mọ̀. Ó tán.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Màmá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí Òsí, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Rúùtù.

"Ẹ bá mi gba Dúpẹ́ yìí," ni màmá mi wí. "Ẹnu rẹ̀ mú."

Ìyá Rúùtù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ata mi mú jù ú lọ," ló dáhùn, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lórí. Ìyẹn ni gbogbo àdéhùn wa.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ tuntun. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Rúùtù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ́kọ sí Kàdúná. Nítorí náà, èmi ni ọmọ, èmi ni alárù, èmi náà ni ẹni tí à ń bú bí òjò bá rọ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó jẹ́ kí n tajà. Ṣíṣà ata nìkan ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá rò pé ṣíṣà ata rọrùn, ẹ ò tíì rí Ìyá Rúùtù lórí àpáta. Á mú ata kan, á gbé e sókè, á kọjú sí oòrùn gan-an, á sì wo inú rẹ̀ bí ìgbà tí fìtílà bá wà lẹ́yìn aṣọ fẹ́lẹ́. Kóró inú rẹ̀ á hàn. Bí ata bá ti bu, wàá rí òjìji kan níbẹ̀, tó dúró bí ẹni tó jí nǹkan.

"Bí o bá lọ ata tó bu mọ́ èyí tó dára, ojú kò ní mọ̀ mọ́," ló máa ń wí. "Ikùn oníbàárà ni yóò mọ̀. Ikùn oníbàárà kì í sì í dákẹ́. Dúpẹ́, ojú ni òṣùwọ̀n aláta. Ẹni tí ọwọ́ bá ń dùn, á rán ọmọ níṣẹ́. Ojú kò ṣe é rán níṣẹ́."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Òfin rẹ̀ pọ̀ bí òfin ìjọba. Epo pupa ni kí o kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ bí o bá ti ìdí ata dé, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà eérú, kí o tó fi kan ara rẹ tàbí ara ọmọ ẹlòmíràn. Má sín lójú oníbàárà, á ní o fẹ́ fi hàn án pé ata rẹ dára ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ bá ata wọ apẹ̀rẹ̀. "Nǹkan kan, apẹ̀rẹ̀ kan." Mi ò ka òfin yìí sí títí di ọjọ́ ìkórè kan, tí wọ́n ní kí n bá ìjọ gbé búrẹ́dì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo rò pé mo ti gbọ̀n dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn bàbá ìjọ jókòó láti jẹ ẹ́. Katikíìsì ló kọ́kọ́ húkọ́. Lẹ́yìn náà ni alága ìkórè, tó dìde wá omi kiri bí ẹni tí oyin lé. Ìyá Rúùtù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá nà mí. Láti ọjọ́ náà, mo gbà pé ata ò ní ọ̀rẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀.

Òfin náà kò mọ sórí ata fún un o. Bó bá ń bá ọ jà lórí òṣùwọ̀n lónìí, kò jẹ́ mú ọ̀rọ̀ àná wọ̀ ọ́. Àdúrà rẹ̀ pàápàá, ohun kan ṣoṣo ló máa ń tọrọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní Ọlọ́run náà ní apẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni ojú òsì Ìyá Rúùtù kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ ò bá ìgbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ sórí òṣùpá ni àrùn ojú pípọ́n kan jà níbi gbogbo, tí àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Àpólò, orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ. Bí òyìnbó ṣe lọ sí òṣùpá tí ojú ọmọ Òsí fi ń pọ́n, kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ojú rẹ bá ti pọ́n, ọjà á tú ká lọ́dọ̀ rẹ.

"Ìyá Rúùtù, ẹ padà sílé o!" ni àwọn obìnrin ń pariwo. "Àpólò yín yìí, ẹ má fi ràn wá!"

Ẹni tó wà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa ni Alájà Sífáwù, tó ń ta àlùbọ́sà. Ará Òsí ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kan wà ní Ìlọrin, ó sì máa ń jẹ́ kí a mọ̀. Òun àti Ìyá Rúùtù kò jẹ́ sùn bí wọn ò bá tíì bú ara wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Alájà wí. "Kì í ṣe Àpólò. Ata ló ń gbẹ̀san. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ ata lójú mọ́lẹ̀."

"Ìwọ tí ò ń ta àlùbọ́sà," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn, "ta ni kò tíì sunkún lọ́dọ̀ rẹ rí? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ata ni. Ta ni yóò tún máa wá ìdí ojú pípọ́n lára aláta?

Ṣùgbọ́n Àpólò a máa yọ ipin, a sì máa ran gbogbo ilé. Ojú Ìyá Rúùtù kò yọ ipin kankan. Èmi tí a jọ ń fi aṣọ kan nu ojú, ojú mi funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìrora náà kò sì sí lójú lásán, ó ní inú egungun ojú ló ti ń bọ̀, ó ń lù ú bí ẹni ń gúnyán. Oòrùn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa wá di ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá dé orí àpáta, á kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, á fi gèlè bojú, á ní kí n máa ṣà á nìṣó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á rọlẹ̀, á funfun, a ó sì gbàgbé. Nígbà tó bá tún ṣe, á tún padà wá, bí àna tó gbàgbé fìlà.

Láàárín àkókò kan náà ni oríkèé ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní lè ká ìka, kò ní lè tẹ ọrùn, èmi ni n ó gbé e dìde lórí ẹní, èmi ni n ó bá a ró aṣọ. A ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, ara á ti máa dẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí bú mi, a ó mọ̀ pé ara ti yá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìsinmi ló ń mú un le sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ro ìyẹn? Obìnrin tó ti ń gbé ẹrù ata láti ìgbà tí kò tíì yọ ọmú, tí ọrùn àti ọwọ́ bá ń dùn ún, ẹrù ni.

Ẹ wò ó bí òwò wa ṣe tàn wá jẹ. Ojú aláta pọ́n, a ní ata ni. Oríkèé alárù wú, a ní ẹrù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: iṣẹ́ tó bá ní èsì fún gbogbo ìbéèrè, ẹ ṣọ́ra fún un.

Kì í ṣe pé kò wá ìtọ́jú o. Ó wá a, ṣùgbọ́n bí aláta ló ṣe wá a. Ó gbé ojú lọ bá wòlíì Aládùúrà kan, wọ́n fún un lómi. Ó gbé e lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn kan tó ń ta á. Ti oríkèé, dispẹ́ńsárì ló gbé e lọ, wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní hóró oògùn. Ọjọ́ kan wà tí ojú rẹ̀ pọ́n tó sì lọ fún abẹ́rẹ́ làkúrègbé. Nọ́ọ̀sì wò ó lójú.

"Màmá, ojú yín yìí ńkọ́?"

"Ojú ní tirẹ̀ lọ́tọ̀," ni Ìyá Rúùtù wí. "Làkúrègbé ni mo gbé wá fún ọ. Jọ̀ọ́, gún mi."

Ní ọ̀nà ilé, ó ní, "O rí ọmọ yẹn? Ó fẹ́ da ata mọ́ búrẹ́dì." Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i nígbà náà.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Igbá tí a fi ń wọn ata di kóńgò onírin. Apẹ̀rẹ̀ tí à ń gbé lórí di àpò ìdọ̀họ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀rọ ìlọta dé Òsí, ariwo rẹ̀ bí ti aláàrùn ọpọlọ. Ìyá Rúùtù bú u ju bó ṣe bú mi lọ. "Irin wo ló mọ ata tó bu?" ló ń bi ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ló kọ́kọ́ máa ń tò síbẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ọmọ ọlọ mú mọ́. Èèyàn a máa bú ohun tó ń gbà á là.

Nígbà tí a ti wọ àwọn ọdún 1980 sókè yẹn, òjò kan bá wa lẹ́yìn Òdó-Ọwá. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn nígbà òjò. Ọkọ̀ wa rì dé ìdajì táyà, dírébà sì sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹrẹ̀, ó wo wa, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ máa kọrin." Orin kò wú ọkọ̀. Omi wọ abẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi bo ẹrù, gbogbo àpò ata wa mu omi yó. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé, wọ́n ti ń gbóná nínú bí iba.

Oòrùn kò jáde dáadáa. A fi èéfín iná mú díẹ̀ gbẹ, a sá ìyókù sórí àpáta nígbà tí ojú ọ̀run là. Ọ̀gá mi ní òun fúnra òun ni yóò ṣà á, torí ẹrù náà pọ̀ jù láti sọ nù, ó sì bu jù láti gbà láìṣà. Mo jókòó tì í. Mo rí i tó mú ata tó ti bu, dúdú fàà, tó sì jù ú sínú èyí tó dára. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni. Ó tún mú òmíràn jù síbẹ̀.

"Màmá, èyí ti bu."

"Èwo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó gbé ata náà sókè sí oòrùn, níwájú ojú òsì, bó ti kọ́ mi.

"Dúpẹ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ata wà lọ́wọ́ mi?"

Ata wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń rí ní ojú òsì, bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ tó nípọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi í pamọ́. Ojú ọ̀tún nìkan ló ń fi ṣà ata, ìyẹn sì ti ń pòkúdu nítorí oòrùn.

A da èyí tó bu nù. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ata ni, ó ṣe é tún rà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ojú ọ̀tún fi pọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rù lójú Ìyá Rúùtù nìyẹn, ojú kan náà ló sì kù fún ẹ̀rù láti gbà wọlé. Bí ojú yẹn bá lọ, aláta lọ. Yóò di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́ lọ sí Kàdúná, kó lọ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àna rẹ̀, kó máa gbọ́ òórùn ata ẹlòmíràn.

Alájà Sífáwù wọlé wá bá wa. Kò bú ẹnikẹ́ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

"Àbúrò mi ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin. Wọ́n ní dókítà ojú wà níbẹ̀. Ọ̀la la ń lọ."

"Ọ̀la ni ọjà Òsí."

"Ọjà Òsí á ṣì wà nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ bi ojú yín bóyá òun náà á wà."

Nínú mọ́tò, ọ̀gá mi fà mí mọ́ra. "Gbọ́ o. Ojú là ń gbé lọ. Bí o bá mú ọ̀rọ̀ làkúrègbé wọ̀ ọ́, wọn ó gún mi nídìí, wọn ó ní kí n máa lọ sílé, ojú á wà bó ṣe wà. Nǹkan kan?"

"Apẹ̀rẹ̀ kan," ni mo dáhùn.

Dókítà ojú náà lo awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ibi tí Màmá ti wá, Màmá ní "ulé" òun wà ní Òsí, bí àwa ṣe ń pe ilé, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlọrin kan sì rẹ́rìn-ín ulé náà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ kan lórí tábìlì, tí èèyàn á gbé àgbọ̀n lé, tí òun á sì máa wo inú ojú láti ìhà kejì.

"Màmá, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ gbé àgbọ̀n lé e."

"Mo ti tẹ̀."

"Ẹ ò tíì tẹ̀, Màmá."

"Bí mo ṣe ń tẹ̀ nìyí."

Alájà yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ forí balẹ̀ bí ẹni tó ń kírun!"

"Èmi kì í kírun!" ni Ìyá Rúùtù dá a lóhùn láìyí orí, torí orí náà kò ṣe é yí.

Dókítà ti ń fa ẹ̀rọ náà sókè, ó ti ń rò pé agídí ni. Mo rí omi tó ń dà lójú ọ̀gá mi, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó wú tó di etí tábìlì mú. Ẹnu mi tí màmá mi fi tà mí bá ṣí.

"Dókítà, kì í ṣe agídí. Ọrùn rẹ̀ kì í tẹ̀ láàárọ̀. Àwa là ń gbé e dìde. Ìka rẹ̀ kì í ká kó tó di ìyálẹ̀ta."

Ìyá Rúùtù fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Dókítà gbé ojú kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Kí lo wí?"

"Kò wí nǹkan kan," ni ọ̀gá mi wí. "Ojú ni mo gbé wá. Oríkèé mi wà nílé."

"Màmá," ni dókítà wí, "ẹsẹ̀ ta lẹ wá fi rìn wá?"

Alájà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ṣùgbọ́n dókítà ti kúrò lórí àga rẹ̀. Ó mú ọwọ́ Ìyá Rúùtù, ó tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ìgbà tí wíwú náà bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí ojú kọ́kọ́ pọ́n. Ó béèrè bóyá ipin wà níbẹ̀, bóyá ó ran ẹlòmíràn nínú ilé. Bí a ṣe ń dáhùn ni orí rẹ̀ ń mì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú náà pẹ́, àwa sì di orí àti èjìká mú bí ẹni gbé ère. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀.

"Màmá, èèyàn a máa ní ajá nílé kó lè máa gbó olè. Nínú ara náà, ohun kan wà tó ń bá wa lé àrùn. Ti inú yín ti ṣi olè mọ̀. Onílé gan-an ló ń bù jẹ. Ó bu oríkèé yín jẹ, wọ́n pè é ní làkúrègbé. Ó wọ inú ojú, ẹ pè é ní ata. Ajá kan náà ni."

"Kì í ṣe ata?"

"Kì í ṣe ata."

"Kì í ṣe ẹrù?"

"Ẹrù lè mú ìrora pọ̀ sí i. Òun kọ́ ló bí i."

Ọdún tí Ìyá Rúùtù ti fi ń bú ata kò ṣe é kà. "Ata, má bínú," ló wá wí.

"Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlùbọ́sà náà," ni Alájà wí láti ẹnu ọ̀nà.

Dókítà ní ti ojú òsì, àpá ti wọ inú rẹ̀, kò ní lè dá a padà bó ṣe wà. Ti ọ̀tún, a dé lásìkò. Ó ní ká ní ẹni tó ń wo ojú ti gbọ́ nípa oríkèé látijọ́... kò parí rẹ̀. Ó fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sójú láti mú kó rọlẹ̀, òmíràn tí yóò jẹ́ kí ẹyinjú máa là, àti hóró oògùn tí a ó máa lò lẹ́yìn oúnjẹ, tí a kò gbọdọ̀ dá dúró fúnra wa. Ó ní àrùn náà lè tún padà, nítorí náà a ó máa wá.

Ọwọ́ tó wú kò lè tẹ ìgò oògùn kékeré. Èmi ni n ó máa kán an. Ẹ rò ó wò: ọwọ́ aláta, ojú aláìsàn! N ó fi epo pa á, n ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, n ó fi eérú bó o, n ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìyá Rúùtù á gba ọwọ́ mi, á gbé e sí imú, á gbóòórùn ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ẹja. Bó bá ní "Padà lọ," mo padà lọ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ fífọ̀ tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni mo fi ṣọ́ ojú rẹ̀, mi ò sì fi ata kán an lẹ́ẹ̀kan rí.

Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, Ìyá Rúùtù ti yí òfin rẹ̀ padà pátápátá. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀: àtàǹpàkò ẹsẹ̀, orúnkún, ìdí, ikùn tó ń kùn, eyín tó ń mì, àlá tó lá. Dókítà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Màmá, àwọn èèyàn wà níta!" Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ lo ní kí n kó gbogbo rẹ̀ wá." Ní ọjà, bí obìnrin kan bá ní oríkèé ń dun òun, á fa ojú onítọ̀hún sílẹ̀ wò. Bí ojú bá pọ́n, á béèrè ìka. "Ata nìkan ló ń dá wọ apẹ̀rẹ̀," ló ń sọ fún wọn. "Ara rẹ, kó gbogbo rẹ̀ jọ síbì kan kí o tó gbé e fún dókítà." Àwọn kan ní ó ti ń ya wèrè. Wọ́n ṣì lọ.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi sì ti ń ṣú. Mo kó méjèèjì lọ pa pọ̀, inú mi sì dùn pé mo ní àrùn ńlá. Dókítà tòní, ọmọdé kan, ní arúgbó ni mo dà, ti ojú jẹ́ tirẹ̀, ti orúnkún jẹ́ tirẹ̀, wọn ò mọra wọn rí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́ ajá kan náà. Ṣùgbọ́n òun ni kó sọ ọ́, kì í ṣe èmi ni kí n fi í pamọ́.

Ẹ ń bi mí bóyá òwò náà dára. Ọjọ́ kan ni n ó sọ fún yín, kí ẹ fúnra yín dáhùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Ìlọrin ni. Ìyá Rúùtù ní kí n mú òun lọ sórí àpáta. Ó ti pẹ́ tó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn láìbojú. Ata pupa kún ilẹ̀, oòrùn sì mú. Ó jókòó, ó tú gèlè kúrò lójú, ó sì kọjú sí oòrùn. Ó na ìka wíwọ́ rẹ̀, ó mú ata kan láàárín èyí tí mo ti ṣà tán, tí mo ti fi yangàn. Ó gbé e sókè, ó wò ó pẹ́ pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo tó kù.

"Èyí ti bu," ló wí, ó sì jù ú lù mí láyà. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

Mo gbé e sí oòrùn. Òjìji náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kékeré, lẹ́bàá ìdí. N kò rí i tẹ́lẹ̀. Òun rí i.

Mo ti ta ata tó dára láyé mi, èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá láti Ìlọrin. Kò sí èyí tí inú mi dùn sí bí ìyẹn tó bu.